Kajú, òfì, kúáyà: ohun tí mo rí nídìí fọ́ọ̀mù yunifásítì

Ẹ̀yin ará wa, okun o. Bìsìnẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo ń ṣe ní Kàbà, fọ́tókọ́pì, títàípù, ká pírínńtì àdímíṣọ̀n lẹ́tà, ká bá ọmọ College of Agric to pírójẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó ti fi sílẹ̀ lánàá, gbogbo ẹ̀ náà là ń ṣe. Tó bá di àsìkò JAMB, èrò á kún ṣọ́ọ̀bù dé ojú títì. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan ni wọ́n ti ń gbé fọ́ọ̀mù mìíì wá bá mi, ti Amẹ́ríkà, ti Kánádà, ti ìlú ọba. Ọmọ á ti rí i lórí fóònù pé wọ́n ń fún àwọn kan ní síkọ́láṣípù, òun náà á fẹ́ gbìyànjú, kò sì ní sí ẹni tó máa bá a jókòó tì í àfi èmi tí mo ní kọ̀ǹpútà àti jẹnẹrétọ̀. Bí mo ṣe bára mi nídìí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Mi ò gba sàtífíkéètì kankan lórí ẹ̀ o, ojú ni mo fi ń rí i, ọwọ́ ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, ibi tí kò bá sì yé mi mo máa ń lọ ka ohun tí àwọn iléèwé yẹn fúnra wọn kọ sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Àwọn ọmọ wa tó máa ń ní àwọn ò rí nǹkan kan kọ síbi tí fọ́ọ̀mù ti ń béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ìwé, wọ́n ní in, ó pọ̀ lọ́wọ́ wọn, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìyẹn náà wà lára ẹ̀ ni. Àwọn tó sì ń lọ ra ti wọn lọ́wọ́ ẹlòmíì, odò ni wọ́n ń dà owó sí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti ilé kúrò lọ́nà ná, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í mú. Nílé níbí, kò sẹ́ni tó bi ọmọ yín léèrè ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ìwé. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, máàkì 400, ìyẹn ni JAMB. Kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, post-UTME ti iléèwé fúnra ẹ̀, tí orúkọ bá jáde lórí CAPS, ojú ẹ̀rọ tí JAMB fi ń gbani wọlé, ọmọ á gbà á, ó parí. Ibi tí wọ́n tún ti ń wo nǹkan mìíì, ìpínlẹ̀ tí èèyàn ti wá ni, kì í ṣe bọ́ọ̀lù tó gbá. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ètò tó wà nílẹ̀ ni pé 45 nínú 100 á lọ fún ẹni tí máàkì ẹ̀ ga, 35 fún àwọn tó wá láti àgbègbè tó yí iléèwé náà ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí ibi tí ìwé ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, Kogi tiwa sì wà nínú ìyẹn. Èyí tó yàtọ̀ tí èmi mọ̀ ni NDA, iléèwé àwọn ológun ní Kàdúná, àwọn yẹn á ní kí ọmọ sáré, wọ́n á yẹ ara ẹ̀ wò, wọ́n á sì fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lẹ́yìn ìdánwò. Màmá kan wá bá mi nígbà kan pé kí n bá òun wá sàtífíkéètì "leadership" fún ọmọ òun, ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin o! Mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fowó yẹn ra past question fún un. Inú ẹ̀ ò dùn sí mi, ó rò pé mo ń fi nǹkan pa mọ́ fún òun ni.

Ti Amẹ́ríkà wá ni ọ̀rọ̀ ti ń wọra. Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní Common App, ọdún 1975 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì 15 pawọ́ pọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn tó ń lò ó báyìí ti lé ní 1,000, ìyẹn ni pé ọmọ á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì fi ránṣẹ́ sí iléèwé tó pọ̀. Yàtọ̀ sí àròkọ tí kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ, ibì kan wà níbẹ̀ tí ààyè mẹ́wàá wà, kí ọmọ sọ ohun tó ń ṣe yàtọ̀ sí ìwé. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà 50 ni wọ́n fún un láti sọ ipò ẹ̀, 100 fún orúkọ ẹgbẹ́ tàbí ibi tó ti ń ṣe é, 150 láti ṣàlàyé ohun tó ṣe gan-an, wọ́n sì ń ka àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì mọ́ ọn o. 150! Kí àgbàlagbà Kàbà kan tó kí ẹ kárọ̀ tán, ó ti lò ju ìyẹn lọ. Á tún sọ kíláàsì tó wà nígbà tó ń ṣe é, láti bíi JSS3 tiwa dé SS3, wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó lọ́dún.

Wákàtí yìí ló máa ń dà wọ́n láàmú. Ọmọ kan wá, ó kọ ogún wákàtí síwájú gbogbo ẹ̀, ogún fún kúáyà, ogún fún débéètì, ogún fún bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fa kakulétọ̀ yọ. Wákàtí tí Ọlọ́run fi sínú ọ̀sẹ̀ kan ò ju 168 lọ. Mo yọ ti iléèwé, mo yọ ti oorun, mo ní ọmọ mi, ìgbà wo lo ń jẹun? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù yẹn lọ́hùn-ún náà ní kakulétọ̀.

Èyí tó là mí lójú jù ni ti ọmọkùnrin kan tó wá láti apá Ìjùmú. SS3 ló wà, orí ẹ̀ pé dáadáa nínú mátíìsì, jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀ tí wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kó tún un sọ. Ohun tó kọ ni pé JETS club, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ onísáyẹ́ǹsì, mẹ́ńbà, Press club, mẹ́ńbà, ó tán. Mo ní kí lẹ máa ń ṣe ní JETS club yẹn? Ó wolẹ̀, ó ní "Bọ̀dá, a ò tíì ṣe mítíìnì rí." Orúkọ ẹgbẹ́ ọ̀hún kàn wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì pírínsípà ni, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Mo ní ó dáa, fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, tó o bá délé lóṣù kejì, ọdún ò tíì jìnnà, ilẹ̀ ti gbẹ, kí lo máa ń ṣe? Ó ní kajú ni. Mo ní báwo?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ apá ọ̀dọ̀ wa mọ ohun tí kajú jẹ́. Láti bíi oṣù kejì lọ títí dé oṣù karùn-ún, tọmọdé tàgbà ló ń wà nísàlẹ̀ igi, wọ́n á ṣa á, wọ́n á fa kóró yọ lára èso, wọ́n á sá a, àwọn tó ń rà á á wá bá wọn nínú abúlé tàwọn ti síkéèlì wọn. Ọmọ yìí ní òun ṣàkíyèsí pé kajú tí àwọn bá wọ̀n nílé lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ní síkéèlì, tó bá fi máa dé orí síkéèlì oníkajú, á ti dín. Bàbá ẹ̀ ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kò sóhun tá a lè ṣe sí i. Ni ọmọ bá ronú ohun kan. Ilé kan ń lọ lọ́wọ́ ládùúgbò wọn, sìmẹ́ńtì Obajana wà níbẹ̀, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé àpò sìmẹ́ńtì tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú, kílò 50 ni. Ó bẹ bíríkìlà, wọ́n gbé àpò kan sórí síkéèlì oníkajú lójú gbogbo èèyàn. Kílò 44 ló kà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà di ariwo lọ́jọ́ náà, ọkùnrin yẹn ní ìrìn àjò ló ba síkéèlì òun jẹ́. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń tà fún alejò ní abúlé wọn láìjẹ́ pé àpò sìmẹ́ńtì kọ́kọ́ gun síkéèlì. Ibẹ̀ kọ́ ló parí sí o. Ó ní ìwé kan tó ń kọ iye tí wọ́n ń ra kílò kan sí, ti abúlé wọn, ti Kàbà, ti ibòmíì tí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ bá ti pè é, á sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn àgbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí wọ́n tà lọ́la tàbí kí wọ́n dúró.

Ó wá bi mí pé "Bọ̀dá, ṣé ìyẹn náà wà lára ẹ̀?" Ẹnu mi ò lè pa dé.

A jókòó tì í títí dátà fi fẹ́ tán. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni pé òun máa ń bá bàbá òun ta kajú. Kò sí irọ́ nínú ẹ̀ ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà ò lè rí nǹkan kan dìmú nínú ẹ̀. Ohun tó padà kọ, tí mo bá sọ ọ́ lédè tiwa, ni pé "Mo fi àpò sìmẹ́ńtì yẹ síkéèlì àwọn oníkajú wò, mo ń fi iye owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ abúlé wa kí wọ́n tó tà." Tẹ́ ẹ bá kà á, kò dé 150. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan níbẹ̀, kò sí "passionate", kò sí "leadership", ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn fẹ́ràn láti kọ. Ohun tó ṣe ló wà níbẹ̀. Lórí fọ́ọ̀mù yẹn wọ́n máa ń ní kí ọmọ mú irú nǹkan tó jẹ́, eré ìdárayá, orin, ẹ̀sìn, àṣà, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó ẹ̀, àti èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀: ojúṣe nínú ilé. Ẹ gbọ́ o. Ọmọ tó ń pọnmi, tó ń gbé àbúrò lọ síléèwé, tó ń jókòó ti ìyá àgbà tó ń ṣàìsàn, ààyè tiẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́dún 2016 àwọn kan ní iléèwé ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti Harvard tiẹ̀ gbé ìwé jáde pé kí àwọn tó ń gbani wọlé yéé wo bí àkójọ ọmọ ṣe gùn tó, kí wọ́n máa wo ohun tó fara sí dáadáa, kí wọ́n sì ka ohun tí ọmọ ń ṣe fún ìdílé ẹ̀ kún iṣẹ́ gidi.

Ó wọlé. Ibi tó wù ú jù kọ̀ ọ́ o, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ló mú un, wọ́n sì bá a gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀. Kajú nìkan kọ́ ló gbé e wọlé, kẹ́nikẹ́ni má tàn yín. A1 ẹ̀ nínú mátíìsì wà níbẹ̀, SAT, ìdánwò àwọn ará Amẹ́ríkà tó lọ ṣe ní Àbújá, wà níbẹ̀. Ọmọ tí ìwé ẹ̀ ò dáa, tó bá fẹ́ kó yẹ síkéèlì gbogbo Nàìjíríà wò, wọn ò ní mú un.

Mo wá ń rò ó lọ́kàn ara mi pé kí ló tiẹ̀ kan àwọn òyìnbó yìí pẹ̀lú ohun tí ọmọ ń ṣe nílé bàbá ẹ̀. Ohun tí mo kà nípa ẹ̀ ò dùn mọ́ mi. Ní bíi ọdún 1920 sí 1930, àwọn ọmọ Júù ń yege ìdánwò wọ Harvard gan-an, nígbà tó fi máa di 1922 wọ́n ti tó bíi ẹyọ kan nínú márùn-ún lára àwọn ọmọ tuntun. Ààrẹ iléèwé náà nígbà yẹn, Lowell, ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò rọrùn láti ní kí wọ́n má gba ẹni tó yege, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fọ́tò, ẹ̀sìn, ibi tí wọ́n ti bí bàbá ọmọ, wọ́n ní ìwà làwọn ń wò, wọ́n ní bóyá ọmọ náà jẹ́ aṣíwájú nínú eré àti nínú ẹgbẹ́. Ohun tí wọ́n fi ti èèyàn síta nígbà náà ni wọ́n ń pè ní "wíwo ọmọ lápapọ̀" lónìí. Mi ò sọ pé ohun kan náà ni wọ́n ṣì ń fi ṣe o. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé Harvard lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá lóṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ní kí wọ́n yéé wo ẹ̀yà, ó hàn nínú ìwé ẹjọ́ pé máàkì ni wọ́n ń fún ọmọ lórí ìwé, lórí àwọn nǹkan ẹ̀yìn ìwé, lórí eré ìdárayá, àti lórí ìwà, láti 1 dé 6, 1 ló sì dáa jù, bíi A1 tiwa. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Máàkì ni.

Eré àwọn olówó náà sì pọ̀ nínú ẹ̀, ká má tan ara wa. Gigun ẹṣin, fífi idà ṣeré, wíwa ọkọ̀ ojú omi fún ìdíje. Odò wo la fẹ́ wà á sí ní Kàbà?

Ibi tí àwọn ayédèrú ti rí ààyè nìyẹn. Ọkùnrin kan wà ní Àbújá tó ń pe ara ẹ̀ ní kọ́ńsọ́tàǹtì, mi ò ní dárúkọ, ó máa ń bá àwọn òbí dá "NGO" sílẹ̀ fún ọmọ wọn. Tí òbí bá ti sanwó, wọ́n á ṣe wẹ́ẹ̀bù fún ọmọ, wọ́n á tẹ bánà, wọ́n á mú ọmọ lọ sílé àwọn ọmọ aláìlóbìí fún wákàtí kan, wọ́n á ya fọ́tò tó pọ̀, ọmọ á padà sílé, ó di "Founder and CEO". Bàbá kan ládùúgbò wa san án, ọmọ ẹ̀ sì dáa o, ọmọ tó ń fi ìrọ̀lẹ́ kọ́ àwọn ọmọdé ní sọ́fà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń kọ do re mi sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, àwọn kékeré á máa kọ ọ́ tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni tó bá gba ibẹ̀ kọjá á dúró gbọ́. Èyí tó ní nìyẹn, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n gbé NGO lé e lórí. Nígbà tí ẹni tó kàwé jáde ní iléèwé tí ọmọ náà kọ fọ́ọ̀mù sí fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí Zoom, ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ṣe é, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí mò ń to pépà. Ìbéèrè tí obìnrin náà bi í ò le rárá: kí ló ṣòro jù nínú bíbójú tó ilé iṣẹ́ ẹ yìí, ìgbà wo lo lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ yẹn kẹ́yìn? Ọmọ ń làágùn. Kò parọ́ rí láyé ẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìgbà tí obìnrin náà wá bi í pé kí ló ń ṣe tínú ẹ̀ fi ń dùn, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sọ́fà, ojú ẹ̀ là, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kúáyà ò sí lórí fọ́ọ̀mù rárá, torí kọ́ńsọ́tàǹtì ní nǹkan ará oko ni. Wọn ò mú un.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé dúdú nìkan ló ń ṣe irú ẹ̀. Ní 2019 ọwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà tẹ ọkùnrin kan, William Singer, tó ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ àwọn olówó kí wọ́n lè gbé ọmọ wọn wọlé bí eléré ìdárayá tí ọmọ ò sì mọ eré yẹn ṣe. Òṣèré fíìmù Lori Loughlin àti ọkọ ẹ̀ san ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 dọ́là kí ọmọbìnrin wọn méjì lè wọ yunifásítì USC bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ìdíje. Obìnrin yẹn ṣẹ̀wọ̀n oṣù méjì, Singer gba ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Látìgbà yẹn ojú wọn ti là sí ìwé tó bá dùn jù.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọbìnrin kan tó wá láti Bùnú, torí tiẹ̀ ò parí bíi ti onímátíìsì yẹn. Àròkọ tó kọ wá ni pé òun fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà kí òun lè ran ìlú òun lọ́wọ́, gbolóhùn tí gbogbo wọn ń kọ. Ṣùgbọ́n aṣọ kan tó fi di fáìlì ẹ̀ ni mò ń wò, aṣọ tó nípọn, tó láàlà pupa àti dúdú. Mo ní níbo lo ti ra èyí? Ó ní "Mi ò rà á sir, èmi ni mo hun ún." Kíjìpá ni. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ẹ̀ ló gbé dàgbà, òfì obìnrin, èyí tó máa ń dúró ti ògiri, wà nínú ilé wọn. Ó ní ìyá àgbà ò mọ̀wé, gbogbo iye òwú tó máa gbé sókè àti èyí tó máa fi sílẹ̀ kí àlà tó jáde, inú orí ẹ̀ ló wà, tó o bá ṣi ẹyọ kan kà, ó dìgbà tó o bá hun ún jìnnà kó o tó rí i, wàá sì tú gbogbo ẹ̀. Nígbà tó di pé ojú ìyá àgbà ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n sínú ìwé gíráàfù tiléèwé, àpótí kan dúdú, àpótí kan funfun, kó má bàa di ohun ìgbàgbé. Ó mú ìwé náà wá fún mi wò lọ́jọ́ kejì. Mo wò ó títí. Òun fúnra ẹ̀ ló lọ kà á rí pé ọkùnrin Faransé kan, Jacquard, ló ṣe òfì kan ní bíi 1804 tó ń fi káàdì tí wọ́n lu ihò sí darí òwú, àti pé ọ̀nà káàdì yẹn làwọn tó kọ́kọ́ ń ro ẹ̀rọ ìṣirò gbà. Àròkọ tó kọ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tíì tẹ irú ẹ̀ rí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí.

Iléèwé méjì mú un. Owó tí wọ́n ní káwọn ẹbí ẹ̀ mú wá ló ga ju ilé bàbá ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn tó ń polówó síkọ́láṣípù lórí fóònù kì í sọ nìyí: àwọn iléèwé tí kì í wo àpò ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó pinnu ò pọ̀, Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst wà lára wọn, Dartmouth àti Bowdoin darapọ̀ ní 2022, àwọn mélòó kan péré ló kù, àwọn náà sì le wọ̀ bí kí ni. Àwọn yòókù, tó o bá ń béèrè owó tó pọ̀, ìyẹn fúnra ẹ̀ lè dá ẹ padà, òfì o, kajú o. Ìlọrin ló wà báyìí, kọ̀ǹpútà náà ló ń kọ́, JAMB ẹ̀ ló gbé e débẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í léèrè aṣọ. Ìwé gíráàfù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sọ fún mi pé òun ń kọ ètò kan tó máa máa ya àwọn àlà yẹn jáde lórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà láti iléèwé náà kì í ṣe kékeré. Amẹ́ríkà á ní kí iléèwé fúnra ẹ̀ kọ̀wé nípa ọmọ, tí kò bá sí kánsẹ́lọ̀, pírínsípà ni. Ẹ mọ ohun tí pírínsípà wa máa ń kọ: ọmọ tó níwà ìrẹ̀lẹ̀, tó ń tètè dé, tó ń bọ̀wọ̀ fágbà, a gbà á níyànjú fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbà á. Ohun kan náà tí wọ́n kọ sí tẹstimóníà gbogbo ọmọ tó jáde níbẹ̀ láti ayébáyé. Tí ọmọ bá ní òun yẹ síkéèlì wò, tí lẹ́tà iléèwé sì ní ó ń tètè dé, àwọn méjèèjì ò mọra. Mi ò kí ń kọ ọ́ fún wọn o, wọ́n ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, mo kọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n tẹ ìbéèrè mélòó kan sórí pépà fún ọmọ kó lọ fún tíṣà ẹ̀: kí ni ọmọ yìí ṣe tẹ́ ẹ ò lè gbàgbé, ìgbà wo ló bá yín jiyàn nínú kíláàsì, kí lẹ rí tó ń ṣe nígbà tí kò mọ̀ pé ẹ ń wo òun? Tíṣà kan ní Ìsánlú kọ ọ́ padà pé ọmọ náà ló ń tún àga tó ṣẹ́ ní kíláàsì kàn, tí kò sẹ́ni tó rán an. Ẹ̀yin náà ẹ rí i, ojú ẹsẹ̀ ni ọmọ di èèyàn lójú ẹni tó ń kà á.

Ìlú ọba yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé ohun tó wúlò fún Amẹ́ríkà lọ bẹ́ẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́. UCAS ni fọ́ọ̀mù tiwọn, iléèwé márùn-ún lọ́mọ lè mú, gbogbo ohun tó máa kọ nípa ara ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 4,000 lọ, láti ti àwọn tó wọlé ní 2026 sì ni wọ́n ti pín in sí ìbéèrè mẹ́ta: ìdí tó o fi fẹ́ kọ́ kọ́ọ̀sì náà, bí ìwé ẹ ṣe múra ẹ sílẹ̀, àti ohun mìíì tó o ṣe níta iléèwé tó máa wúlò fún un. Kọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n ń wò. Àwọn bíi Oxford á fẹ́ mọ ohun tó o kà fúnra ẹ lórí kọ́ọ̀sì ẹ ju pé o jẹ́ balógun bọ́ọ̀lù lọ. Ọmọ kan fẹ́ kọ́ lọ́ọ̀, ó sì kó kúáyà kún gbogbo ẹ̀, mo ní tó ò bá ti lọ jókòó ní kootù Kàbà rí kó o wo bí wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́, ọ̀sẹ̀ yìí ni kó o lọ. Ó lọ. Ẹjọ́ ilẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ti Kánádà, ọ̀pọ̀ wọn ò wò ju máàkì lọ, ṣùgbọ́n yunifásítì UBC ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè nípa ìgbé ayé ọmọ, yunifásítì Waterloo náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́ injiníà.

Àwọn bàbá wa ló le jù láti bá sọ ọ́. Ọ̀kan ní òun ò rán ọmọ òun níléèwé kó wá máa kọ ìtàn kajú sí òyìnbó, kí wọ́n lọ máa sọ pé tálákà ni wá. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì bínú sí i. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kò sẹ́ni tó ní kó sọ pé ebi ń pa á, iṣẹ́ tó ṣe ni kó sọ. Ó ní òun á rò ó, kò tíì padà wá.

Ọmọ kan wà lọ́wọ́ mi báyìí, SS1, láti Mópà, ó ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tún fóònù ṣe nídìí páàkì tí iléèwé bá ti wọlé ìsinmi. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé kí òun dá NGO sílẹ̀. Mo ní má dá nǹkan kan sílẹ̀, lọ ra ìwé olójú-ewé 40 kan, máa kọ ọ́: fóònù wo, kí ló ṣe é, kí lo ṣe sí i, wákàtí mélòó. Ó ronú díẹ̀, ó ní "Bọ̀dá, èyí tó bà jẹ́ sí mi lọ́wọ́ ńkọ́?" Mo ní ìyẹn gan-an ni kó kọ́kọ́ kọ.